Sakinatou Kò Jókòó

Ẹni tó bá fẹ́ ba ọjọ́ Sakinatou jẹ́, kò nílò kó bú ìyá rẹ̀, kò sì nílò kó bú bàbá rẹ̀. Kó ṣáà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó ní, "Ẹ kú ìjókòó o." Ìkíni ni, ta ló sì lè tìtorí ìkíni pe ènìyàn lẹ́jọ́? Àwọn obìnrin àdúgbò mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń kí i dáadáa. Òun náà á dáhùn pé "Ẹ ṣeun o," ṣùgbọ́n ní gbogbo ìyókù ọjọ́ náà, bó ṣe ń gbọ́ oúnjẹ ni yóò máa dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ọmọ àgbẹ̀ ni, láti abúlé kan lẹ́bàá Goro. Nílé bàbá rẹ̀, ọmọ tó bá jókòó nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ru iṣu bọ̀ láti oko, wọ́n á ní kó tètè dìde kó má baà ta gbòǹgbò. Nígbà tí àwọn ará ilé Imorou wá tọrọ rẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ kò sọ pé ó lẹ́wà, bẹ́ẹ̀ ó lẹ́wà. Ohun tí bàbá rẹ̀ sọ ni pé, "Ọmọ wa kì í jókòó." Gbogbo ìyìn tó bá a délé ọkọ kò ju ìyẹn lọ, ó sì tó o.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni Imorou. Ó wà nínú àwọn tó ń gbé òòlù àti ọ̀pá irin káàkiri láti Tchaourou títí dé ìhà Tchatchou, tí wọ́n ń tún ojú irin ṣe. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, oòrùn ti gba èyí tó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Inú ọgbà ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń gbé, lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀. Ìyá yìí, Ìyá Imorou ni gbogbo ayé ń pè é, òrí ló ń tà, àwọn tó ń wá ra òrí lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń ti ọ̀nà Bétérou wá. Ó lágbára, ó lẹ́nu, kò sì fẹ́ràn kí nǹkan ṣòfò, yálà oúnjẹ ni o tàbí ènìyàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ó fẹ́ràn ìyàwó ọmọ rẹ̀. Kí ló dé tí kò ní fẹ́ràn rẹ̀? Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti fọn fèrè lókèèrè báyìí, Sakinatou á gbé igbá iṣu sísè àti wàrà díndín lé orí, kí ọkọ̀ náà sì tó dúró, ó ti dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Àwọn èrò Cotonou tó ti ń sùn á jí, wọ́n á nawọ́ jáde. Igbá rẹ̀ á ṣófo nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń pariwo. Wọ́n ń jowú rẹ̀, ó mọ̀, ó sì ń dùn mọ́ ọn. Èèyàn tí kò bá tíì rí i kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun jowú òun kò mọ bí oyin ṣe ń dùn.

Nígbà náà ni ó bí Maïmounatou.

Ọmọ náà ti rìn. Ẹ jẹ́ kí èyí hàn kedere, nítorí àwọn kan máa ń sọ pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Irọ́ ni. Ó ti rìn, ó ti sáré lé adìyẹ, ó ti da omi ìyá àgbà nù, wọ́n sì ti nà án nítorí rẹ̀. Ibà kan ló mú un nígbà ọyẹ́. Nígbà tí ibà náà lọ, ó kó ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ. Rọpárọsẹ̀ ni. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ aláàfáà, wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Fúlàní kan tó mọ egbòogi, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi ewé gbígbóná dì í. Ẹsẹ̀ náà rọ̀ bí aṣọ tí a sá sórí okùn.

Àwọn màsẹ́ẹ̀rì ni wọ́n fún wọn ní ìrètí, àwọn obìnrin Ìjọ Àgùdà tí wọ́n ń wọ aṣọ funfun ní Parakou. Wọ́n ní ilé kékeré kan tí wọ́n ti ń rọ bàtà irin fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, bàtà tí irin rẹ̀ gùn dé itan, tí a ń fi awọ dì. Màsẹ́ẹ̀rì tó jẹ́ àgbà níbẹ̀ kò parọ́ fún Sakinatou. Ó ní ẹsẹ̀ náà kò ní padà sí bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ọmọ náà lè fi ọ̀pá kan rìn lọ sí ilé ìwé, bí wọ́n bá lè ṣe ohun méjì. Èkíní, kí ìyá rẹ̀ máa fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ẹsẹ̀ náà, kó máa nà án láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kí ó máa dì í sínú irin, kí ó máa mú un rìn. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, iṣan á ká, orúnkún á tẹ̀, á sì dúró bẹ́ẹ̀. Èkejì, bí ọmọ náà bá ṣe ń dàgbà, kí wọ́n máa gbé e wá kí wọ́n pààrọ̀ bàtà.

Sakinatou padà délé, ó kó igbá rẹ̀ sí àjà. Kò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mọ́.

Ìgbà Rẹfolúṣọ̀n, ìyípadà ńlá ti ìjọba, ni gbogbo èyí. Orílẹ̀-èdè ti pa orúkọ dà, àsíá ti pa àwọ̀ dà, wọ́n ní kò sí ọ̀gá mọ́, kámáráàdì ni gbogbo ènìyàn. Ọ̀gá sì ń bẹ níbẹ̀ digbí, orúkọ nìkan ló yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fún ẹni tó bá yẹ ní ìyìn rẹ̀: nínú gbogbo ariwo yẹn, ohun rere kan jáde. Bíròó kan wà ní Parakou tó ń rí sí ọ̀ràn ìdílé àwọn òṣìṣẹ́. Ilé tó bá jẹ́ pé ẹnì kan péré ló ń gba owó oṣù, tí ẹnì kejì sì wà nílé nítorí ọmọ tí ara rẹ̀ kò le, bíròó yìí á máa fi ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ lé owó oṣù náà. Òfin kan ló wà nídìí rẹ̀: ẹni tó wà nílé kò gbọdọ̀ ní òwò tàbí iṣẹ́ mìíràn. Imorou gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, ó lọ bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì fún un.

Ìrànlọ́wọ́ náà kì í ṣe ohun tí ènìyàn fi ń kọ́lé. Òun ló ń san ọkọ̀ dé Parakou, òun ló ń ra awọ àti irin bàtà, díẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù á di ẹyin tí màsẹ́ẹ̀rì ní kí ọmọ máa jẹ. Láìsí i, kò sí bàtà. Gbogbo ilé mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Imorou ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó pè é ní owó ìjókòó.

Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, orúkọ náà ti dé ibùdó ọkọ̀. "Wọ́n ti san owó ìjókòó yín?" "Àwa náà ì bá jókòó, ẹsẹ̀ ọmọ tiwa ló le." Ènìyàn burú. Obìnrin tó sọ èyí tó gbẹ̀yìn yìí, àdúrà ló ń gbà lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́.

Ohun tó sì dun Sakinatou jù ni pé kò jókòó. Ní ojúmọ́ tó mọ́, yóò ti pọn omi kí àwọn mìíràn tó jí. Yóò gbé omi ka iná, yóò na ẹsẹ̀ ọmọ, ọmọ á máa sunkún, òun á máa kọrin bo ẹkún náà mọ́lẹ̀. Yóò dì í sínú irin, yóò mú un rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi máńgòrò. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀: yóò fọ́ kóró òrí, yóò yan án, yóò gún un, yóò lọ̀ ọ́, yóò sì pò ó nínú omi tútù títí apá rẹ̀ á fi kú, títí òrí á fi léfòó. Òrí tí wọ́n ń ti ọ̀nà Bétérou wá rà, ọwọ́ Sakinatou ló ti ń jáde. Ìyá Imorou ló ń tà á, ìyá Imorou ló ń so owó rẹ̀ mọ́ etí ìró. Bí àwọn oníbàárà bá yin òrí náà pé ó funfun, ìyá á ní, "Ọwọ́ mi ni. Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Ìyàwó mi ní tirẹ̀, ó jókòó, ó ń ṣọ́ ọmọ."

Sakinatou á gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé, òrí á máa kán láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Yóò máa pò ó lọ. Ìyá ọkọ ni.

Ní ọjọ́ ìpàdé, Karimou tó jẹ́ délégé, aṣojú ìjọba ní àdúgbò, á kó gbogbo ènìyàn jọ sí ìdí igi ńlá tó wà níwájú ilé ìwé. Wọ́n á kọrin. Ọ̀kan nínú àwọn orin náà ní ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹun. Bí wọ́n bá dé orí rẹ̀, àwọn obìnrin kan á gbé ohùn sókè, wọ́n á sì yí ojú sí ìhà ibi tí Sakinatou wà. Òun náà ń kọ ọ́. Kí ni kó ṣe? Ó ń kọ orin náà mọ́ ara rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ kọ ọ́, nítorí Maïmounatou fẹ́ràn orin.

Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọ̀pá kan, irin méjì, ìgbésẹ̀ tó ń ṣe kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ó ti kọjá ìdí igi máńgòrò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dé ojú irin, ó dúró, ó juwọ́ sí àwọn èrò inú ọkọ̀, Sakinatou sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sunkún láìfi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Màsẹ́ẹ̀rì ní bí bàtà tuntun bá bọ́ sí i, tí ọdún tó ń bọ̀ bá lọ bí èyí ṣe lọ, kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níléèwé.

Ní ọdún yẹn gan-an ni àpò ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n lè gé. Ìròyìn dé pé bíròó ń rán ènìyàn bọ̀ láti yẹ gbogbo ilé tó ń gba ìrànlọ́wọ́ wò, kí wọ́n mọ̀ bóyá ẹni tí wọ́n ní ó wà nílé wà nílé lóòótọ́.

Imorou ti ojú irin dé lọ́jọ́ náà, kò tíì wẹ̀, ó pe ìyàwó rẹ̀ sínú yàrá. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò le. Wọ́n á bi í pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀. Kó ní òun kò ṣe nǹkan kan, ilé ni òun jókòó sí. Kó má fi nǹkan kan lé e.

Sakinatou ní òun gbọ́. Ó bi í bóyá inú ilé ni wọ́n ti máa bi í. Imorou ní bẹ́ẹ̀ ni, inú ilé ni, ta ni yóò máa bi obìnrin nírú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níta?

Ó gbìyànjú. Nígbà tó ń da iná, á sọ ọ́ sínú èéfín: mi ò ṣe nǹkan kan. Á gbé omi mu, á tún sọ ọ́. Irọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n irọ́ kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Ó ti purọ́ fún oníbàárà rí lórí iṣu àná. Ojú bàbá rẹ̀ ló ń rí, tó wà lórí ẹní níwájú àwọn àna, tó ń fi ọmọ rẹ̀ yangàn.

Kámáráàdì Karimou kò wá sínú ilé ẹnikẹ́ni. Ó ní Rẹfolúṣọ̀n kì í ṣe nǹkan ní kọ̀rọ̀. Ìdí igi ńlá ló kó gbogbo ènìyàn jọ sí, ó gbé tábìlì síbẹ̀, ó gbé àga fún àlejò Parakou. Ọmọbìnrin kan ni wọ́n rán wá, Abíọ́lá, ọmọ Savè, kò tíì pẹ́ tó kúrò níléèwé, ó sì ń gbọ́ Nàgó bí àwa náà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìbá sàn bó bá jẹ́ ènìyàn burúkú, à bá rí ẹni tí a ó máa gégùn-ún fún. Ìyá Imorou jókòó síwájú pátápátá, ó wọ aṣọ àtàtà, àfi bí ìgbà tó ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ.

Mounifatou ni wọ́n kọ́kọ́ pè, ìyàwó òṣìṣẹ́ rélùwéè mìíràn. Gbogbo Tchaourou ló mọ̀ pé Mounifatou ń lọ kó aṣọ ní Parakou, ó ń tà á láwìn káàkiri. Ó tẹ orí ba, ó sọ ohùn di ti ọmọ ọwọ́, ó pe àlejò náà ní tata, bí ẹni pé àǹtí rẹ̀ ni, ó ní, "Èmi? Mi ò ṣe nǹkan kan o, tata. Ilé ni mo jókòó sí." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ti ẹ̀yìn ní, "Ọ̀lẹ!" Mounifatou náà rẹ́rìn-ín. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó padà sáàyè rẹ̀, ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ pinpin.

Wọ́n pe Sakinatou. Ó gbé ọmọ pọ̀n wá, irin bàtà náà ń ta sí i légbẹ̀ẹ́. Abíọ́lá wo ọmọ náà, ó rẹ́rìn-ín sí i. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló rí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdáhùn sí i lẹ́nu.

"Ó dáa, tata," ó ní, "ilé ni ẹ wà nítorí ọmọ yìí. Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Àbí?"

Kó ṣáà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn náà ì bá ti tó. Sakinatou la ẹnu, kò tíì sọ nǹkan kan. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Ìyá Imorou fi ohùn tó yẹ kó jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀, tí kò sì jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀, sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Kí ló tún ń rò? Ó jókòó. Ó ti tó ọdún mélòó tó ti jókòó."

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Àwọn àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ kò sọ ikú ta ni.

Sakinatou gbé orí sókè. Kò pariwo. Ó wo Abíọ́lá lójú, ó sì ní:

"Mi ò jókòó rí, tata. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, mi ò jókòó rí. Èmi ni mo ń pọn omi tí wọ́n ń mu. Èmi ni mo ń na ẹsẹ̀ ọmọ yìí. Òrí tí gbogbo yín ń fi para, tí ẹ ń fi se ọbẹ̀, èmi ni mo ń fọ́ ọ, èmi ni mo ń yan án, èmi ni mo ń pò ó. Ẹ wo apá mi. Apá ẹni tó jókòó nìyí? Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé Sakinatou, ọmọ Goro, ó ń ṣiṣẹ́."

Ìyá Imorou wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Karimou délégé dìde, ojú rẹ̀ ń dán, ó ní àpẹẹrẹ obìnrin Rẹfolúṣọ̀n rèé, ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún kámáráàdì òṣìṣẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn obìnrin tó ti ń fi ìkíni gún un bí abẹ́rẹ́ láti ọdún mélòó yìí wá, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n dá orin, orin ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹun, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ń kọ ọ́ fún un, kì í ṣe mọ́ ọn. Maïmounatou ń mi ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, irin ń dún. Abíọ́lá nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ń kọ̀wé, ó sì tẹ orí ba.

Sakinatou ti ibẹ̀ rìn délé bí ìyàwó tuntun. N kò ní bù ú kù: inú rẹ̀ dùn. Ó dùn látọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, ìgbà tí Imorou dé. Wọ́n ti sọ fún un ní ibùdó ọkọ̀, wọ́n tilẹ̀ ti bá a yọ̀. Ó gbé òòlù rẹ̀ ti ògiri. Kò nà án, kò bú u. Ó wo ọmọ tó ń sùn, ó wo bàtà irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní.

"Ìyá Maïmou," ó ní, "ṣé o mọ ohun tí o fi ra àtẹ́wọ́ yẹn?"

Wọ́n gé ìrànlọ́wọ́ náà. Sakinatou gbé ọmọ pọ̀n, ó wọkọ̀ lọ bá Abíọ́lá ní bíròó Parakou, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tún bi òun léèrè. Abíọ́lá fún un ní àga, ó bu omi fún un. Ó ní gbogbo Tchaourou ló gbọ́, délégé fọwọ́ sí i, wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ sókè. Ó ní, "Tata, mo ti fẹ́ ràn yín lọ́wọ́. Òótọ́ ni ẹ sọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pa òótọ́ rẹ́?" Sakinatou kò jókòó sórí àga náà. Ó dúpẹ́, ó padà sí ibùdó ọkọ̀.

Ìṣòro kì í dá rìn. Kò pẹ́ tí owó oṣù gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Oṣù á parí, wọ́n á ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ní sùúrù, òmíràn á tún parí. Imorou ń lu irin lójoojúmọ́ fún ìlérí. Sakinatou bá gun àjà, ó gbé igbá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó gbọn ekuru rẹ̀ dànù. Ó padà sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ojú irin.

Bí ọkọ̀ bá pẹ́, òun náà á pẹ́, ọkọ̀ ìgbà náà kì í sì í dé lásìkò. Ọwọ́ Ìyá Imorou ni ọmọ wà. Ìyá fẹ́ràn ọmọ náà, kí a má purọ́ mọ́ ọn. Ó ń fún un jẹ, ó ń pa ìtàn fún un. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ na ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ á ké, ìyá àgbà á sì ní ó tó, kó sinmi, ẹsẹ̀ kò níbi tó ń lọ. Bàtà irin bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, ó ń bó o lára. Wọ́n bọ́ ọ kí egbò lè jinná. Kò sí ohun tí wọ́n máa fi ṣe òmíràn. Ọmọ náà padà sí fífà nílẹ̀, ó yára ju rírìn lọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ní àkókò yìí gan-an ni ìyìn tí Sakinatou ti ń retí dé. Ìyá Imorou bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ káàkiri ọjà àti ibi ìsìnkú. Ó ní ìyàwó òun, òṣìṣẹ́ ni, kì í jókòó, òun ló ń bọ́ ilé báyìí. Sakinatou á gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé bó ti ń gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ó ti wá ìyìn yìí títí, ó wá rí i, kò sì mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Nígbà tí wọ́n jàjà rí owó ọkọ̀ kó jọ, ó gbé ọmọ lọ bá màsẹ́ẹ̀rì. Obìnrin náà ti darúgbó sí i. Ó fọwọ́ kan orúnkún, ó gbìyànjú láti nà án, kò nà. Ó gbìyànjú èkejì, kò nà. Kò bá a wí. Ó kàn bi í pé, "Ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀ nílé?" Sakinatou ní òun ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Màsẹ́ẹ̀rì mi orí. Ó ní kí wọ́n fi bàtà àtijọ́ náà sílẹ̀, ó lè bá ọmọ mìíràn lẹ́sẹ̀ mu.

Kó fi í sílẹ̀? Kò fi í sílẹ̀. Ó gbé e padà wálé, ó fi kọ́ ògiri, ó sì ń pa òrí sí awọ rẹ̀ kó má baà gan.

Rẹfolúṣọ̀n náà darúgbó, bí ohun gbogbo ṣe ń darúgbó. Orin dínkù ní ìdí igi. Karimou kò pe ẹnikẹ́ni ní kámáráàdì mọ́, àlàájì ló fẹ́ kí wọ́n máa pe òun. Mounifatou kọ́ yàrá méjì sí i. Ní ọdún tí ariwo ìyípadà mìíràn ti ń dún láti Cotonou, wọ́n tún rán ènìyàn wá láti kọ orúkọ àwọn ará ilé kọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ń wọ inú ilé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dé ọgbà Ìyá Imorou lọ́sàn-án gangan, ó bá Maïmounatou lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti di ọmọge nígbà náà, ó dì gèlè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ká sábẹ́ ìró. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níléèwé.

Sakinatou ń ti ibùdó ọkọ̀ bọ̀, igbá wà lórí rẹ̀, ìdajì ọjà kò tíì tà. Ó gbọ́ tí àlejò náà bi ọmọ rẹ̀ pé kí ni iṣẹ́ tó ń ṣe.

"Mi ò ṣe nǹkan kan," ni Maïmounatou wí. "Ilé ni mo jókòó sí."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ orúkọ ara rẹ̀. Kò bojú wolẹ̀, kò tijú, kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó ń dun ọmọ náà lẹ́nu. Àlejò kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó kọjá sí ilé kejì.

Sakinatou dúró níbi tó wà. Ó fẹ́ sọ igbá náà kalẹ̀, ó fẹ́ lọ jókòó ti ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, lójú gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Fèrè dún láti ìhà Savè. Ìyá Imorou ti inú ilé pè é, ohùn rẹ̀ kún fún ìfẹ́, ó ní, "Ìyá Maïmou, òṣìṣẹ́ mi, ọkọ̀ ń bọ̀ o." Sakinatou tún igbá náà gbé dáadáa sórí òṣùká, ó sì padà sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin.